Ẹni Tó Rọ Sílíńdà Kọ́ Ló Ń Gbé E Wọ Omi

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nitrox fún àwọn tó ń mòòkùn ṣe fàájì, yálà ní Key Largo ní Florida tàbí létí Òkun Pupa ní Íjíbítì, ìwé ńlá kan máa ń wà lórí tábìlì. Oníbàárà ò gbọdọ̀ gbé sílíńdà jáde láìkọ ìlà kan síbẹ̀: nọ́ńbà sílíńdà, iye ọ́síjìn tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀n nínú rẹ̀, ìjìn tí kò gbọdọ̀ kọjá, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù. Ẹni tó rọ ọ́ kúkú ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pe wíwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ní àṣejù. Lójú tèmi, òun gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ ẹni tó ń rọ sílíńdà ṣeé fọkàn tán.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ọ́síjìn ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Náítírójìn ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Nitrox ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún. Méjì tó wọ́pọ̀ ni ìdá 32, tí NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, fi sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ ní 1979, àti ìdá 36. Èrè rẹ̀ ni pé náítírójìn tó ń wọ ara dín kù: ní ìjìn mítà 18, àtẹ àtijọ́ ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán ní 60 ìṣẹ́jú, ti NOAA fún ẹni tó ń mí ìdá 32 ní 100. Àmọ́ bí omi bá ṣe ń jìn sí i ni ọ́síjìn ń di májèlé. Ìdá 32 dé ààlà tí wọ́n fi sí i ní nǹkan bíi mítà 33, ìdá 36 ní 28, afẹ́fẹ́ lásán ní 56. Bí èèyàn bá kọjá ibẹ̀, gìrì lè gbé e láìsí àmì kankan. Régúlétọ̀ tó fi ń mí á bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè mumi kú. Àyẹ̀wò tí Kenneth Donald ṣe fún ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fi hàn pé ohun tí ara ẹnì kan gbà lónìí, ara kan náà lè kọ̀ ọ́ lọ́la. "Mo ti ṣe é rí" ò wá já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́. Láti rọ ìdá 32 tó máa kún dé báà 200 (báà ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó nínú sílíńdà), wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ́síjìn gidi bíi báà 28 sínú sílíńdà tó ṣófo, díẹ̀díẹ̀, torí òróró tàbí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè gbiná. Lẹ́yìn náà ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ á fi afẹ́fẹ́ kún un. Bí ọwọ́ bá fi báà mẹ́wàá péré ṣèèṣì, ìdá 32 ti di 36, ààlà sì ti gòkè láti 33 sí 28. Imú ò lè gbọ́ òórùn ìyàtọ̀ yẹn, ojú ò sì lè rí i.

Wọ́n lè ní ìwọ̀sí ni fún ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí. Ṣé ìwọ̀sí ni fún òṣìṣẹ́ báńkì tí a bá tún owó tó kà fún wa kà? Àwọn mìíràn ní inú ìkòkò ńlá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù ti ń fà á, pé wíwọn ọ̀kan ti tó. Ìyẹn ò kan sílíńdà afẹ́fẹ́ lásán tó bá ṣèèṣì wọ àárín wọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá gbé e, tó sì ń fi ìṣirò ìdá 32 mòòkùn, lè lo 100 ìṣẹ́jú níbi tí 60 ti tọ́ sí i.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ́síjìn máa ń gbó. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ ìta tún un ṣe títí yóò fi ka 20.9. Ohun tí kò lè sọ ni bóyá èéfín ẹ́ńjìnnì ti gba ẹnu kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọlé. Ìyẹn ṣì wà lọ́rùn ẹni tó ń rọ sílíńdà, gẹ́gẹ́ bí pípààrọ̀ fítà àti fífọ sílíńdà tí ọ́síjìn gidi máa kàn. Ṣùgbọ́n ti ọ́síjìn, bí iye tí oníbàárà rí bá fi ju ìdá kan lọ yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jọ tún un wọ̀n. Bí kò bá sì bára mu, kí wọ́n tú u dànù.