Iṣẹ́ Rírán sí Ẹ̀rọ Ahunrọ̀: Ọ̀ràn Àwọn Aṣojú Adójútòfò

Ọ̀rọ̀ náà 'adójútòfò' kò ṣòro láti tú palẹ̀: ohun tí ń dójú ti òfò ni. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìlérí inú rẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn lè ṣe lọ. Ẹni tí ó ra adójútòfò ọkọ̀ ti ẹnì kẹta kò dójú ti òfò ara rẹ̀ rárá. Òfò ẹni tí ó fi ọkọ̀ kọlù ni ilé-iṣẹ́ yóò bá a san. Inú àlàfo yìí gan-an ni ewu wà fún aṣojú tí ń fi ẹ̀rọ ahunrọ̀ kọ lẹ́tà sí oníbàárà, irú ẹ̀rọ tí ChatGPT sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ìparí ọdún 2022.

Kí ni à bá pe ọ̀rọ̀ tí aṣojú ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà? 'Ìbéèrè' kò tó, nítorí pé ohun tí ó wà níbẹ̀ ju ìbéèrè lọ. 'Àṣẹ' sì ti pọ̀ jù. Létí Yorùbá, àṣẹ a máa ṣẹ. 'Iṣẹ́ rírán' ni ó bá a mu jù. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé èyí tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń ṣírò. Ibi tí a bá sì fi sílẹ̀ lófìfo, ohun tí ó jọ òótọ́ ni yóò fi dí i.

Bí aṣojú bá kọ ọ́ pé, "Kọ lẹ́tà tí yóò mú kí awakọ̀ ra adójútòfò," kí ó má yà á lẹ́nu bí lẹ́tà náà bá ṣèlérí àtúnṣe ọkọ̀ oníbàárà. Iṣẹ́ tí ó pé yóò rí báyìí:

"Kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara rẹ̀, tí kì í fi kó èrò. Adójútòfò ti ẹnì kẹta ni à ń tà. Owó ọdún kan jẹ́ 15,000 náírà. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ba ohun-ìní ẹlòmíràn jẹ́, ilé-iṣẹ́ lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà. Sọ ọ́ kedere pé àtúnṣe ọkọ̀ oníbàárà fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Má ṣe fi iye owó tàbí ìlérí mìíràn kún un. Lo Yorùbá àjùmọ̀lò, pẹ̀lú àmì ohùn."

Iye tí NAICOM, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, fi lélẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2023 nìyẹn. Ó yẹ kí aṣojú yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti yí padà kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níhìn-ín. Bí a bá yọ gbogbo àmì kúrò, tòkè tìsàlẹ̀, òfò, òfo, ọ̀fọ̀ àti ọfọ̀ di ọ̀kan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá pe owó gbà-má-bínú ní owó ìtanràn, oníbàárà yóò rò pé wọ́n dá ẹjọ́ òun ni. Ó sàn kí àkójọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ èdè ti fọwọ́ sí bá iṣẹ́ rírán náà lọ.

Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù àti àìsàn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà láti ọdún 2023. Nígbà tí lẹ́tà bá sì dé, kí aṣojú kà á pọ̀ mọ́ ìwé àdéhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó bá ti rí 'gbogbo òfò', kí ó fa igi lé e kí ó tó bu ọwọ́ lù ú.