Láti Ṣíṣa Bọ́ọ̀lù dé Ipò Olúborí: Ẹ̀kọ́ fún Òbí tí Ọmọ Rẹ̀ Fẹ́ràn Tẹ́níìsì

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀ ní Festac Town àti ní gbogbo agbègbè Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ọmọ á ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, á ju báàgì sí kọ̀rọ̀, á gbé rákẹ́ẹ̀tì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bàbá á ní ọmọ ń fi ìwé ṣeré. Ìyá á ní bóyá ẹ̀bùn rẹ̀ nìyẹn. Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì? Owó ilé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ ọ̀la ọmọ wà níbẹ̀, àlàáfíà tọkọtaya pàápàá sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ ìtàn Nduka Odizor wò.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1958 ni wọ́n bí Odizor, Èkó ló sì ti kọ́ eré náà. Nígbà tí Festac Town ṣì jẹ́ ìlú tuntun tí a kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀-dúdú, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ọmọ ọdún 18 ni, rákẹ́ẹ̀tì sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Láyé ìgbà náà, eré olówó àti ti òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka tẹ́níìsì sí. Ẹgbẹ́ tẹ́níìsì tó wà ní Oníkan ti wà láti ọdún 1895. Odizor kì í ṣe ọmọ olówó. Ìdí ṣíṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣa bọ́ọ̀lù kò jìnnà sí ẹni tó ń gbá a: ojú rẹ̀ ń rí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù tó ba rákẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tó bá fi ọkàn sí i.

Ẹ̀bùn nìkan kò tó, àfi kí ẹnìkan rí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, Robert Wren, ẹni tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó, ló kíyè sí ọmọ yìí, tó sì ràn án lọ́wọ́ títí ó fi dé Houston. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun tó tẹ̀lé e. Odizor kò ju ìwé nù nítorí rákẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì Houston náà ló wọ̀, ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń gbá tẹ́níìsì fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó tó bọ́ sí àárín àwọn tó ń fi eré náà jẹun.

Ọdún 1983 ni okìkí rẹ̀ kàn. Ní Wimbledon ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Guillermo Vilas ará Argentina ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé e lọ́wọ́. Vilas kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni: ipò kẹrin ni wọ́n fi í sí nínú ìdíje náà, ó sì ti gba ife ńlá mẹ́rin ní Faransé, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà. Ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Odizor. Ẹni tó bá tún pàdánù ẹyọ kan péré, ilé ló ń lọ. Ọmọ Nàìjíríà náà kò juwọ́ sílẹ̀. Ó gba mẹ́ta tó kù léraléra, ó sì borí. Ó tẹ̀ síwájú títí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìndínlógún tó kẹ́yìn, kí Chris Lewis ará New Zealand tó dá a dúró. Lewis yìí kan náà ló lọ bá John McEnroe pàdé ní àṣekágbá.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Odizor gba ife ní Taipei, ó sì di olúborí ní orúkọ ara rẹ̀. Ní ọdún 1984 ó dé ipò 52 láàárín gbogbo àwọn ọkùnrin àgbáyé, àti ipò 20 nínú àwọn tó ń gbá a ní méjì-méjì, níbi tó ti gba ife méje ní gbogbo ìgbà eré rẹ̀. Ní ọdún 1988 ó ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Seoul.

Ẹlòmíràn lè sọ pé oríire lásán ni. Ẹ wo Yannick Noah. Ọmọdé ni ní Yaoundé ní Kamẹrúùn nígbà tí Arthur Ashe ará Amẹ́ríkà rí i ní ọdún 1971, tó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ tẹ́níìsì ní Faransé. Ní ọdún 1983, ọdún Odizor gan-an, Noah gba ife ilẹ̀ Faransé. Ọdún méjìlá ló wà láàárín. Ọ̀nà eré yìí jìn. Kì í ṣe èyí tí òbí lè fi ìkánjú rìn.

Ọmọbìnrin ńkọ́? Ìyá Ons Jabeur ló fi tẹ́níìsì hàn án ní Tùnísíà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó gba ife àwọn ọmọdébìnrin ní Faransé ní ọdún 2011, ó sì dé àṣekágbá Wimbledon ní ọdún 2022 àti 2023. Láti ọdún 1968 tí wọ́n ti ṣí ìdíje náà sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi tẹ́níìsì jẹun, kò tíì sí obìnrin Áfíríkà tó dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nílé wa níbí, Oyinlomo Quadre náà gba ọ̀nà tẹ́níìsì àti ìwé pọ̀, ó lọ sí Florida International University. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ọmọbìnrin ni a ń pè kó wá fọ abọ́. Bí iṣẹ́ ilé bá jẹ́ ti gbogbo ọmọ, gbogbo ọmọ ni yóò ráyè ṣeré.

Nítorí náà, kí ni ìyá lè ṣe? Ẹ má ṣe tìtorí rákẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi jẹ gbèsè. Èyí tó bá gígùn ọmọ mu, kódà bí a tilẹ̀ ti lò ó rí, tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ògiri kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ka owó ọkọ̀ láti Festac dé Oníkan tàbí Sùúrùlérè mọ́ ìnáwó oṣù kí ẹ tó ṣèlérí fún ọmọ. Ẹ fún un ní oúnjẹ tó ń fúnni lágbára, bí iṣu tàbí ìrẹsì, ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú eré; lẹ́yìn eré, ẹyin, ẹja tàbí mọ́ínmọ́ín ni yóò tún ẹran ara rẹ̀ ṣe. Kó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ọmọ tó ti lé ní ọdún méjìlá nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lóru. Ẹ mọ olùkọ́ eré rẹ̀ dáadáa, ẹ mọ ibi tó ń kó ọmọ yín lọ, ẹ má sì fi ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin, sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ ìwà rẹ̀.

Kí a sọ òtítọ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbá tẹ́níìsì kò ní dé Wimbledon. Ìdí nìyẹn tí ìwé kò fi gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti kọ́ láti pàdánù sẹ́ẹ̀tì méjì kó má sì sá kúrò lórí pápá, ohun tó kọ́ yóò wúlò fún un ní ọ́fíìsì, ní ọjà àti ní ilé ọkọ. Bàbá tó ń bẹ̀rù fún ìwé kò ṣẹ̀, ìyá tó rí ẹ̀bùn náà kò sì ṣìnà. Kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n pín wákàtí ọmọ sí méjì: ti ìwé lákọ̀ọ́kọ́, ti rákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà.