Àìtó Omi: Ohun Tí Ìmọ̀ Ìgbàlódé Lè Ṣe àti Ohun Tó Kù Sí Wa Lọ́wọ́



Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, omi tán nínú táńkì mọ́ṣálásí wa kí wọ́n tó pe ìrun. Bọ́ọ̀hóòlù kò mú nǹkan kan wá mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ bá àwọn mẹ́ruwà, wọ́n ra omi kẹ́ẹ̀gì. Àwọn mìíràn fi píọ́ wọ́tà ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn ìrun, àwa tí a ń bójú tó ìmọ́tótó mọ́ṣálásí bi ara wa léèrè pé: níbo gan-an ni omi yìí ń gbà lọ?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a gbé bèsíà sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, a ní kí ọ̀kan nínú wa ṣe àlùwàlá bó ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tó parí, a wọn omi inú bèsíà náà. Ó lé ní lítà 6. Ẹnì kan ṣoṣo, àlùwàlá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo!

Bẹ́ẹ̀ hadíìsì tó wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim fi yé wa pé mudd omi kan ni Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣe àlùwàlá. Mudd kan ni ohun tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí a pa pọ̀, kò tó lítà kan. Ojú ti gbogbo wa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùwàlá nìkan. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kan náà, ìyá kan gbé ọmọ ọdún 2 wá sí ilé oògùn wa. Ọmọ náà ń yàgbẹ́ gbuuru, ojú rẹ̀ ti wọnú. A bèèrè irú omi tí wọ́n ń mu. Ìyá ọmọ ní, “Dókítà, omi mẹ́ruwà ni, ṣùgbọ́n mo fi álọ́ọ̀mù sí i, ó mọ́ gaara.” A po omi iyọ̀ àti ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì fún ọmọ náà, a sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Àlùhámdùlíláhì, ó yè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: álọ́ọ̀mù máa ń mú kí omi mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò pa gbogbo kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Nígbà tí omi bá wọ́n ni onígbá-méjì àti ibà tàífọ́ọ̀dù máa ń rí wa gbé ṣe.

Kí wá ni ìmọ̀ ìgbàlódé lè ṣe? Ẹ̀yin Àlájì àti Àlájà wa ti lo ọ̀kan nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ilẹ̀ Saudi kò ní odò kankan tó ń ṣàn yípo ọdún. Yàtọ̀ sí Zamzam, púpọ̀ nínú omi tí ẹ fi wẹ̀ ní Mẹ́kà jẹ́ omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ alágbára ló ń ti omi náà gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé iyọ̀ kò lè kọjá. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná púpọ̀, ìlú tó jìnnà sí òkun kò sì lè tètè jàǹfààní rẹ̀.

Èyí tó jẹ́ tuntun ni ti Omar Yaghi. Ìlú Amman ní Jọ́dánì ni wọ́n bí i sí ní 1965, nínú ẹbí àwọn ará Palẹsítínì tí ogun lé kúrò nílé. Nígbà èwe rẹ̀, omi kì í dé àdúgbò wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ó di onímọ̀ kẹ́mísírì ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2025. Lẹ́búlẹ́bú kan tí wọ́n ń pè ní MOF ni iṣẹ́ wọn dá lé. Ihò tíntìntín ló kún inú rẹ̀. Ní òru, ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sára. Ní ọ̀sán, oòrùn á mú ọ̀rinrin náà jáde, á sì di omi mímu. Ní 2022, wọ́n dán an wò ní Death Valley, aṣálẹ̀ tó gbóná jọjọ ní California. Oòrùn nìkan ni wọ́n lò, omi sì jáde.

Àmọ́ omi tí kílò 1 lẹ́búlẹ́bú náà mú wá lóòjọ́ níbẹ̀ kò tó ìdajì lítà. Kò tó mudd kan! Ìyẹn ni pé omi tí arákùnrin wa dà sínú bèsíà ju èyí tí kílò 12 lè mú wá ní ọjọ́ kan. Ìmọ̀ yóò máa tẹ̀ síwájú, in ṣáà Allah, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń kán omi tótótó kò lè bá ọwọ́ tó ń da omi nù dọ́gba.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé:

1. Ẹ bu omi sínú kẹ́tùlù ṣe àlùwàlá. Bó bá jẹ́ ẹnu ẹ̀rọ ni, ẹ tì í bí ẹ ṣe ń fọ oríkèé kọ̀ọ̀kan.

2. Ẹ gbe omi òjò. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ páànù ná, kí ẹ tó gbe é sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí.

3. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 1. Bí kò bá sí ohun ìdáná, ẹ rọ omi tó mọ́ gaara sínú ike tí ojú lè rí inú rẹ̀ tí kò ju lítà 2 lọ, kí ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí 6; bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ 2.

4. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ omi mímu. Ife tó ní ọwọ́ gígùn ni kí ẹ fi máa bu ú.

5. Bí omi tó kù kò bá ju èyí tí ẹbí yóò mu lọ, tàyàmámù wà fún wa. Ọlọ́hun kò fẹ́ kí òùngbẹ pa wá nítorí àlùwàlá.

Ní mọ́ṣálásí wa, a ti ra kẹ́tùlù sí ẹ̀bá ẹnu ẹ̀rọ. Táńkì tó máa ń tán kí ìrun Jímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ti ń kù di ìrun Àsárì báyìí.

Kí Ọlọ́hun fi omi tó mọ́ ṣíkẹ́ wa, kó má fi àìtó rẹ̀ dán wa wò. Àmín.