Dúrọ́ọ̀ Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù: Kí Ló Yẹ Kó Máa Yọ̀ Lé Lórí?

Púlọ́ńbà tàbí oníṣẹ́ iná tó ń fi píkọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kì í fẹ́ máa rá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ lórí orúnkún nítorí sípánà kan. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọ́n á fi páíwúùdù kan àpótí gígùn méjì, wọ́n á sì máa fà á jáde bíi dúrọ́ọ̀. Àpótí kíkàn kò le. Ohun tí àpótí náà yóò máa yọ̀ lé lórí ló ń gba owó àti àròjinlẹ̀.

Irin gígùn oníbẹ́árìn, irú èyí tó wà lára dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Èyí tó nípọn wà tó lè gbé 250 pọ́n-ùn, àní 500, ìyẹn nǹkan bíi 227 kílò. Àmọ́ ẹ ka ìwé tó bá a wá. Irin méjèèjì pa pọ̀ ló ni iye yẹn, tí wọ́n bá dè é ní ìdúró mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ gbalaja sábẹ́ àpótí ti sọ púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ nù. Bí irin méjèèjì kò bá sì tọ́ síra wọn, yóò há. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà kì í dúró gbọnin lójú gbágungbàgun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìgbà tí àpótí bá jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò àpótí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 tó ru 200 pọ́n-ùn, tí ẹrù inú rẹ̀ tẹ́ dọ́gba. Bí a bá fà á jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ìdí rẹ̀ tó kù sínú ọkọ̀ yóò máa ti òkè pẹ̀lú 100 pọ́n-ùn, etí ọkọ̀ tó gbé e lé yóò sì ru 300. Ẹ wá fà á jáde ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Ìdí á ti òkè pẹ̀lú 200, etí á ru 400. Ẹrù náà kò fi ohunkóhun pọ̀ sí i o! Fún ìdí èyí, ohun tí yóò dá àpótí dúró kó tó jáde jù ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Róólà ni mo fara mọ́. Bẹ́árìn 608, èyí tó wà nínú táyà pátákó táwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń gùn yọ̀ lójú títì, kò wọ́n, ó sì wà káàkiri: ó fẹ̀ ní mílímítà 22, ihò rẹ̀ jẹ́ 8. Ẹ fi méjì sí etí ọkọ̀ lábẹ́ àpótí, méjì sí ìdí àpótí, kí ẹ sì kan igi tó lágbára sókè ibi tí ìdí náà yóò máa ti. Èyí tí wọ́n kọ 2RS sí lára ni kí ẹ rà, rọ́bà tó bò ó kì í jẹ́ kí eruku tètè wọlé. Bẹ́árìn tín-ínrín máa ń jẹ páíwúùdù, nítorí náà ẹ tẹ́ irin pẹlẹbẹ sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Kódà Decked, ilé iṣẹ́ tó ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe parí, orí kẹ̀kẹ́ ni dúrọ́ọ̀ tirẹ̀ ń yí. 200 pọ́n-ùn ni wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rù.

Ike líle tí wọ́n ń pè ní UHMW náà wà. Kò ní ohun tó ń yí nínú, kì í mu omi, àmọ́ ó gba kéèyàn fà á gan-an bí ẹrù bá wúwo. Gúlúù kì í mú un, ìdè oníṣíkúrúù ló gbà. Ihò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀, torí ooru máa ń mú un fẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ìkọ́ tó ń de àpótí kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gírígírí, 200 pọ́n-ùn yẹn lè fẹ́ já síwájú pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ara rẹ̀. Kí ẹ sì tó kan páíwúùdù, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀: iye tó wà níbẹ̀ kan èrò, ẹrù, àti àpótí náà fúnra rẹ̀.