Aago Inú Òfuurufú àti Àríyànjiyàn Lórí Òòfà Ilẹ̀

Tíọ́rì tí Einstein gbé kalẹ̀ ní ọdún 1915 lórí òòfà, ìyẹn agbára tó ń fa ohun gbogbo wálẹ̀, sọ pé bí aago bá ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó ni yóò ṣe máa falẹ̀ tó, ohun yòówù kí wọ́n fi ṣe aago náà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ tíọ́rì tó ń bá a díje kò fara mọ́, nítorí wọ́n gbà pé ipá kan tí ojú kò rí lè wà tó ń ti átọ́ọ̀mù kan ju òmíràn lọ, tí aago yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ yà díẹ̀ kúrò lórí iye tí Einstein ṣírò.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1976, Robert Vessot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé aago tó ń fi ìgbọ̀nrìrì átọ́ọ̀mù háídrójìn ka àkókò dé nǹkan bí 10,000 kìlómítà sókè. Ìrìn náà kò pé wákàtí méjì, síbẹ̀ èsì rẹ̀ bá ti Einstein mu débi pé àlàfo tó kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 7,000 lọ, kò sì sẹ́ni tó borí rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Àṣìṣe ló wá ṣí ọ̀nà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, rọ́kẹ́ẹ̀tì Soyuz gbéra láti Kourou pẹ̀lú sátẹ́láìtì Galileo méjì ti ilẹ̀ Yúróòpù, ṣùgbọ́n epo dì nínú páìpù kan tí wọ́n so mọ́ páìpù helium tó tutù nini, àwọn méjèèjì sì bọ́ sí ipa tó rí gbọọrọ bí ẹyin. Lẹ́yìn àtúnṣe pàápàá, wọ́n ṣì ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 8,500 kìlómítà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, aago háídrójìn inú wọn sì ń yára, ó ń falẹ̀ bá wọn lọ. Ohun tí Vessot rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ìṣòro tó le jù ni ti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó ń rọra ti sátẹ́láìtì kúrò lójú ipa rẹ̀, tí ó sì lè mú kí àṣìṣe nínú ìṣirò ipa náà dà bí àṣìṣe aago. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tan iná lésà sí wọn láti ilẹ̀ kí àwọn olùwádìí lè mọ ibi tí sátẹ́láìtì náà wà gan-an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Paris àti òmíràn ní Bremen tẹ èsì wọn jáde: Einstein ṣì jàre, ti Paris sì péye ní ìlọ́po márùn-ún ju ti ọdún 1976 lọ.

Èyí kò pa àwọn tíọ́rì yòókù run, àyè wọn ló fún pọ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ẹ̀rọ ACES, tó kó aago cesium àti ti háídrójìn pọ̀, ti wà lára ibùdó òfuurufú àgbáyé, níbi tí wọn yóò ti máa fi í wé àwọn aago oríṣiríṣi átọ́ọ̀mù lórí ilẹ̀.