Bí GPS ọ̀kadà dìsípáàṣì yín bá ń ṣìnà, ẹ má tíì sáré ra fóònù tuntun

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà ránṣẹ́ sí oníbàárà máa rántí nígbà tí GPS, ìyẹn ẹ̀rọ atọ́nà inú fóònù, bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ sí Súrùlérè á wo máàpù, máàpù á ní Yábàá ló wà. Oníbàárà tó ń wo fóònù rẹ̀ láti mọ ibi tí ẹrù òun dé á rí i pé orí omi ọ̀sà ni ọ̀kadà ń rìn. Ọ̀gá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á pe ọmọṣẹ́, á ní irọ́ ló ń pa, pé ibi tó lóun wà kọ́ ni tíráákà fi í sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, oúnjẹ ti tutù, oníbàárà ti ní òun kò gbà á mọ́, epo ti jó dànù.

Ká ní ọ̀kadà kan ń gbé ẹrù 8 lójúmọ́, tó sì ń fi ìṣẹ́jú 15 ṣòfò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí pé ó ń wá ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 120 nìyẹn, wákàtí 2 gbáko. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 6 ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, wákàtí 12 ti wọ igbó. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó bá rí irú àdánù yìí, fóònù mìíràn ni wọ́n máa ń sáré rà, àwọn mìíràn á sì lé ọmọṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n so fóònù mọ́, ṣájà olówó pọ́ọ́kú tàbí ètò kékeré kan nínú fóònù ló ń fa gbogbo wàhálà náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run

Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni GPS. Sátẹ́láìtì bíi 31 ni wọ́n fi ń ṣe é, nǹkan bíi kìlómítà 20,200 sókè ni wọ́n sì ti ń yí ayé po. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ń sọ àkókò tó fi àmì ránṣẹ́ àti ibi tó wà. Fóònù á wo bó ṣe pẹ́ tó kí àmì náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló fi ń mọ bí òun àti sátẹ́láìtì ṣe jìnnà síra tó. Bó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó lè sọ ibi tó wà. Rọ́ṣíà náà ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ GLONASS, ti ilẹ̀ Yúróòpù ni Galileo, ti Ṣáínà ni BeiDou. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́jà báyìí ló ń gbọ́ ti gbogbo wọn pọ̀.

Àwọn kan rò pé dátà ni GPS ń jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ nìkan ni fóònù ń gbọ́, kì í fèsì padà sí sátẹ́láìtì, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwòrán máàpù àti ìròyìn sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló ń jẹ dátà.

Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì tí aráàlú ń lò rú, débi pé ó lè fi bíi mítà 100 ṣìnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, fóònù tó bá rí ojú ọ̀run dáadáa kì í sábà fi ju bíi mítà 5 ṣìnà lọ. Nítorí náà, bí ti ọ̀kadà yín bá ń fi mítà 100 tàbí 200 ṣìnà lójoojúmọ́ ní gbangba ìta, nǹkan kan ló ń dí i.

Àtidí i kò sì le. Agbára tí sátẹ́láìtì fi ń rán àmì náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti gílóòbù iná ilé lọ, ó sì ti rìn jìnnà kó tó dé ilẹ̀. Bíi pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí òkè, tí ẹni tó wà láàárín ọjà ń gbìyànjú láti gbọ́ ọ ni.

Ibi tí wọ́n so fóònù mọ́

Irin kì í jẹ́ kí àmì GPS kọjá. Fóònù tó wà nínú àpótí onírin kò lè gbọ́ nǹkan kan. Ara èèyàn náà ń dí i, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí fóònù tó wà nínú àpò ṣòkòtò tàbí àpò àyà ẹni tó ń gun ọ̀kadà kì í fi gbọ́ dáadáa.

Ibi tó dára jù ni orí ọwọ́ ọ̀kadà, kí ojú fóònù kọjú sókè, kí nǹkan kan má ṣe bò ó. Rọ́bà àti aṣọ kì í dí i púpọ̀, nítorí náà àpò rọ́bà tí wọ́n fi ń gba fóònù lọ́wọ́ òjò kò léwu. Àmọ́ ẹ yọ ìbòrí tó bá ní irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn. Òòfà tí wọ́n fi ń mú fóònù dúró kì í ba GPS fúnra rẹ̀ jẹ́, kọ́ńpáàsì ló ń dà rú. Ọfà orí máàpù á kọjú sẹ́yìn, ẹni tó ń gùn ún á sì yà sí òsì dípò ọ̀tún.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń di ẹ̀bi ru òjò. Òjò àti ìkùukùu kì í fi bẹ́ẹ̀ dí GPS lọ́wọ́. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti kó fóònù sápò nígbà tí òjò dé, tàbí omi ti bo ojú rẹ̀ débi pé kò gbọ́ ti ìka mọ́.

Ti ilé gíga yàtọ̀. Ní Marina àti Broad Street, níbi tí ilé gíga ti fún mọ́ra wọn, àmì máa ń kọ́kọ́ lu ògiri kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù. Fóònù á rò pé ọ̀nà tó rìn gùn ju bó ṣe jẹ́ lọ, á sì gbé ọ̀kadà lọ sí òpópónà kejì. Lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà tàbí ti Àpọ́ngbọ́n, ojú ọ̀run ti pamọ́. Kò sí ohun tí ẹ lè rà tó máa mú ìyẹn kúrò pátápátá. Ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín kí wọ́n ka ọ̀nà tán kí wọ́n tó wọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má sì torí pé ọfà fò yí ọ̀nà padà.

Ṣájà lè jẹ́ ọ̀daràn

Bátìrì ọ̀kadà jẹ́ fóòtì 12, fóòtì 5 sì ni ṣájà fóònù sábà máa ń gbé jáde. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ 12 di 5, bó bá jẹ́ gbàrọgùdù, máa ń pariwo lọ́nà tí etí èèyàn kò lè gbọ́, àmọ́ tí fóònù ń gbọ́, ariwo náà á sì bo ohùn sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀. Iná LED olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so mọ́ iwájú ọ̀kadà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ gbé ọ̀kadà sí gbangba, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ṣájà wà nínú fóònù, kí iná wà ní títàn. Ẹ fi áàpù ọ̀fẹ́ bíi GPSTest, tó wà fún fóònù Android, wo nọ́ńbà tó ń sọ bí àmì sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Bí púpọ̀ nínú wọn bá lé ní 30, kò burú. Bó bá jẹ́ 20 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan ń ṣe é. Ẹ wá yọ ṣájà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún wò ó. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Bí kò bá gòkè, ẹ pa iná LED, ẹ tún wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yí padà. Ẹni tó bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn.

Bó bá jẹ́ ṣájà ni, ẹ ra ojúlówó. Ẹ ní kí rẹ́wáyà fi fíúùsì sójú wáyà, kó gbé ẹ̀rọ tó ń sọ 12 di 5 jìnnà sí fóònù, kó sì di gbogbo orí wáyà dáadáa kí iná má máa wọlé, kó máa jáde.

Ooru náà ń ṣèdíwọ́. Apple ní kí wọ́n máa lo iPhone níbi tí ooru kò ti ju ìwọ̀n 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fóònù tó wà lójú oòrùn ọ̀sán, tó tún ń gba iná, á gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa falẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà tún kìlọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá ṣe ń gbọ̀n lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́. Ohun ìdímú tó ní rọ́bà tó ń gba ìgbọ̀n mọ́ra ló dára.

Ètò inú fóònù

Ẹ pa Battery Saver, torí ó lè dá GPS dúró nígbà tí ojú fóònù bá ṣú. Níbi tí wọ́n kọ Location sí, ẹ tan Location Accuracy, kí ẹ sì gba áàpù ìgbéṣẹ́ yín láyè láti máa lò ó nígbà gbogbo.

Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ máa ń gbéra kí fóònù tó mọ ibi tó wà. Ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀ ni GPS fi ń ka àkọsílẹ̀ gbogbo sátẹ́láìtì rẹ̀ tán láti òkè. Dátà ni fóònù fi ń gé e kúrú, torí ó lè rí ohun tó nílò gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kíá. Bí dátà bá ti tán láàárọ̀, máàpù á máa yí gbiri. Kí ọmọṣẹ́ tan máàpù ní gbangba níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí róbótó búlúù dúró sójú kan kó tó ṣíná sí ọ̀kadà. Kó sì ti gbé máàpù ìlú sílẹ̀ sínú fóònù, kí dátà tó bá tán lọ́nà má bàa fi í sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Bí ilẹ̀ bá ṣú

Nàìjíríà sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, apá òkè réré kan tí àmì GPS ń gbà kọjá máa ń ru gùdù títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru, pàápàá ní nǹkan bí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án. Ó máa ń le sí i nígbà tí agbára oòrùn bá wà ní òtéńté, èyí tó ń wáyé ní bíi ọdún mọ́kànlá mọ́kànlá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, NASA àti NOAA ti Amẹ́ríkà kéde pé oòrùn ti wọ irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí GPS bá dára lọ́sàn-án, tó wá ń fò kiri lálẹ́ ọjọ́ kan, tó tún dára lọ́jọ́ kejì, ẹ má pe rẹ́wáyà.

Nígbà míì, àdírẹ́sì ló ni ẹ̀bi

Ẹ wo róbótó búlúù. Bó bá wà níbi tí ọ̀kadà wà gan-an, GPS kò jẹ̀bi, ibi tí oníbàárà júwe ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹni tó ní òun wà ní Awólọ́wọ̀ lè wà ní Awolowo Road ní Ìkòyí, ó sì lè wà ní Obafemi Awolowo Way ní Ìkẹjà. Ẹ ní kí oníbàárà jáde sí ẹnu ọ̀nà, kó fi ibi tó wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó tún dárúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù àti ohun kan tó hàn gbangba nítòsí.

Tíráákà àti ọmọṣẹ́

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn ni. Tíráákà tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ tánkì irin lè sọ pé ọ̀kadà wà níbi tí kò dé rárá. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ àga ìjókòó tàbí lẹ́yìn rọ́bà, kí ojú tó fi ń gbọ́ kọjú sókè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ló sì fi ń ròyìn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ibi tó ti ròyìn kẹ́yìn ni ẹ máa máa rí. Kí ẹ tó sọ pé ọmọṣẹ́ purọ́, ẹ wo aago tí ìròyìn náà wọlé. Bó bá ti pé ogún ìṣẹ́jú, ìròyìn àtijọ́ ni.

Bí gbogbo èyí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, ẹ so ó mọ́ ọ̀kadà kan náà, lójú ibi kan náà. Bí ìyẹn náà bá ṣìnà, ọ̀kadà lẹ máa tún ṣe. Bó bá ṣe dáadáa, ó tó àkókò láti ra fóònù, kí ẹ sì béèrè èyí tó ń gbọ́ L1 àti L5 pọ̀. Xiaomi Mi 8 tó jáde lọ́dún 2018 ló kọ́kọ́ ní in, àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e láti ìgbà náà, ó sì ń dín ìṣìnà láàárín ilé gíga kù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù olùtajà, kí ẹ dán an wò ní gbangba.