Orí ni àbí Ìdí Igi? Bí réṣíò ṣe di ìbéèrè ìdíje fún ọmọ Ìbarà

Láàárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn ilé kan ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ọmọ mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, wọ́n kọjú sí pátákó tí wọ́n gbé ti ògiri. Ìdíje ìṣirò ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Olùkọ́ wọn kọ ìbéèrè kan sílẹ̀: bíríkìlà 6 mọ ògiri kan parí ní ọjọ́ 10, ọjọ́ mélòó ni bíríkìlà 4 yóò fi mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀? Kó tó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ọwọ́ márùn-ún ti lọ sókè. Wọ́n ti fi 4 sọ 10 di púpọ̀, wọ́n ti fi 6 pín in. Ọjọ́ 6 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ọmọbìnrin tó jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kò nawọ́. Òdìkejì fẹ́ǹsì ló ń wò, níbi tí àwọn bíríkìlà gidi ti ń po kóńkéré.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí, "ṣé bí èèyàn bá dín kù ni iṣẹ́ ń tètè parí?"

Ẹ̀rín sọ. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní kí wọ́n sọ fún òun ohun tí wọ́n ń kà. Èèyàn ni? Ọjọ́ ni? Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kan ni. Èèyàn 6 fún ọjọ́ 10, iṣẹ́ òòjọ́ 60 ló wà nínú ògiri yẹn, ẹni yòówù kó mọ ọ́n. Bí èèyàn 4 bá fẹ́ ṣe 60, ọjọ́ 15 ni yóò gbà wọ́n. Ó parí.

Réṣíò ni àwọn ọmọ ń pè é nílé ìwé. Ìpín ni bàbá mi máa ń wí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ibi tí irú ìbéèrè yìí ti bẹ̀rẹ̀ tó fi dé orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ Ìbarà. Mo rò pé inú ìwé òyìnbó ni n ó ti bá a. Àpò owó ẹyọ ni mo ti bá a.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, òun náà ni Ìbarà ń ná, Ìbarà tó ní ọba tirẹ̀, Olúbarà, tí kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ Ẹ̀gbá láìbéèrè. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn márùn-ún di igba. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ìyẹn 2,000, tí wọ́n ń pè ní orí kan. Orí mẹ́wàá wọ inú àpò kan, àpò náà ni ọ̀kẹ́, 20,000. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó ń ra iyọ̀ ń fi okùn ṣe ẹyọ òṣùwọ̀n kan, ẹni tó ń ra ẹṣin ń fi ọ̀kẹ́ ṣe ẹyọ òṣùwọ̀n kan, síbẹ̀ owó kan náà ni. Ká ní ẹ̀kọ mẹ́ta jẹ́ ẹyọ mẹ́wàá. Ọmọdé tí wọ́n fi okùn kan rán níṣẹ́ mọ̀ pé méjìlá lòun gbọ́dọ̀ gbà bọ̀, bí kò bá fẹ́ kí wọ́n fa òun létí. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Adolphus Mann, ọmọ Jámánì tó ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní Ìjàyè, kọ nípa èyí ní 1887. Ó ní ẹni tó bá ń ka owó á jókòó ti òkìtì ẹyọ, á máa fi ìka wọ́ ọ ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Mann gbà pé ara ìwọ́wọ́ yìí ni òǹkà wa ti wá, títí kan bí a ṣe ń yọ márùn-ún kúrò lára àádọ́ta ká tó lè pe 45 ní márùn-dín-láàádọ́ta. Bó jẹ́ òótọ́ pátápátá ni tàbí apá kan, n ò jiyàn. Èmi mọ̀ pé ẹni tó lè sọ márùn-dín-láàádọ́ta láìdánu dúró, ìṣirò kò ṣàjèjì sí i.

Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní 1843, nígbà tó sì di 1846 òun àti Samuel Ajayi Crowther ti fìdí múlẹ̀ síbẹ̀. Ilé ìwé tẹ̀lé ṣọ́ọ̀ṣì, ìṣirò tẹ̀lé ìwé kíkà. Nínú àwọn ìwé ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn, ohun tí àwa ń pè ní réṣíò lónìí wà lábẹ́ orúkọ kan tí a lè pè ní Òfin Mẹ́ta: bí o bá mọ nọ́ńbà mẹ́ta, wàá rí ìkẹrin. Òfin yìí kì í ṣe ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Aryabhata kọ ọ́ sílẹ̀ ní Íńdíà ní 499, ọwọ́ àwọn Lárúbáwá ló sì gbà dé Yúróòpù. Ṣáájú ìyẹn, ní nǹkan bí 1550 kí wọ́n tó bí Jésù, akọ̀wé kan ní Íjíbítì tó ń jẹ́ Ahmes ti da ìbéèrè lórí búrẹ́dì àti ọtí kọ: òṣùwọ̀n ọkà kan, búrẹ́dì mélòó ni yóò bá jáde, ọtí mélòó ni a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Íjíbítì wà. Òyìnbó gba ẹrù náà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ó sì gbé e padà wá fún wa.

Ẹ̀kọ́ tó le jù nínú Òfin Mẹ́ta, ọjà ni àwọn ará Abẹ́òkúta ti kọ́ ọ. Láyé pọ́n-ùn, kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ 3, sísì jẹ́ 6. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà 2, ṣílè kan di kọ́bọ̀ 10. Ibi tó ti dojú rú rèé: kọ́bọ̀ tuntun kì í ṣe kọ́bọ̀ àná. Kọ́bọ̀ àná 6 ni sísì. Sísì yẹn kan náà di kọ́bọ̀ tuntun 5. Orúkọ kan náà, ẹyọ ọ̀tọ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, "kọ́bọ̀ wo?" ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn lórí àtẹ kí wọ́n tó ná ọjà. Tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ 2 àbọ̀, ìjọba sì rọ owó ààbọ̀ kọ́bọ̀ sí i lóòótọ́. Àwọn tó ní àwọn ò mọ ìṣirò ṣe é lójoojúmọ́ láìpè é lórúkọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ibi tí réṣíò ti ń fa aṣọ ya láàárín wa, ẹ jẹ́ ká lọ síbi ogún bàbá. Ọ̀nà méjì là ń gbà pín in. Ní ìdí igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹyọ kan. Ní orí-ò-jorí, orí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ Suberu Dawodu ti Èkó ló gbé méjèèjì dé iwájú adájọ́. Ó kú láìkọ ìwé ìhágún, ó ní ọmọ mẹ́sàn-án láti ara ìyàwó mẹ́rin. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà ní kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí. Ní 1958, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà yí i padà: ìdí igi ni àṣà Yorùbá, orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà ń bọ̀. Wọ́n gbé e ré òkun lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yẹn náà sì fọwọ́ sí ìdí igi ní 1962.

Mo sọ ìtàn yìí fún olùkọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti sọ ọ́ di ìbéèrè. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì 36, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án: ìyàwó kan bí 1, méjì bí 2 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìkẹrin bí 4. Kí ni ọmọ kan ṣoṣo yẹn yóò gbà? Lórí-ò-jorí, púlọ́ọ̀tì 4. Ní ìdí igi, 9. Ọmọ ìyàwó kẹrin ńkọ́? Lórí-ò-jorí, 4, ní ìdí igi, 2 àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan fò dìde pé ìwọ̀sí ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀sí kọ́, pé ìyá rẹ̀ ló bí ọmọ púpọ̀. Àríyànjiyàn náà gbóná débi pé wọ́n fẹ́ gbàgbé pé ìṣirò ni wọ́n wá kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ṣi ìṣirò rẹ̀ nínú wọn.

Báwo ni irú nǹkan báyìí ṣe wá di ìdíje? Ìdíje ìṣirò àgbáyé fún àwọn ọmọ ilé ìwé gíráámà bẹ̀rẹ̀ ní Ròmáníà ní 1959. Ọdún 2014 ló tó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ní Cape Town. Lọ́dọ̀ wa, ìjọba dá National Mathematical Centre sílẹ̀ ní 1988, ní Kwali, nítòsí Àbújá, James Ezeilo sì ni olùdarí àkọ́kọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yan àwọn ọmọ tó ń ṣojú Nàìjíríà. Èyí tó wọ inú ilé lọ́dọ̀ àwọn ìyá lásán ni ti Cowbell, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tó sì di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 2015. Ilé iṣẹ́ mílíìkì ló ń ná owó rẹ̀, n ò sì rí nǹkan tó burú níbẹ̀: ìdíje bọ́ọ̀lù pàápàá, ta ní ń ná owó rẹ̀ bí kì í bá ṣe ọlọ́jà?

Àwọn tó ń ṣe ìbéèrè ìdíje fẹ́ràn réṣíò ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ, mo sì rí ìdí rẹ̀. Kò gba fọ́múlà gígùn. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré, ọmọ JSS lè kà á yé. Pàkúté rẹ̀ wà nínú ẹyọ. Ẹ gbọ́ èyí: ọsàn Adé sí ti Bọ́lá jẹ́ 2 sí 3, ti Bọ́lá sí ti Kúnlé jẹ́ 4 sí 5, àpapọ̀ 70. Ọmọ tó bá kánjú á kọ 2, 3, 5. Bọ́lá ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀: níhìn-ín ó jẹ́ 3, lọ́hùn-ún ó jẹ́ 4, bẹ́ẹ̀ ọsàn kan náà ló ní. Sọ ọ́ di 12 níbi méjèèjì, ọ̀rọ̀ di 8, 12, 15, ó di 35, ìlọ́po méjì sì ni 70. Adé ní 16, Bọ́lá 24, Kúnlé 30. Kọ́bọ̀ àná àti kọ́bọ̀ tuntun náà rèé.

Tàbí ti awakọ̀: ó fi 60 kìlómítà ní wákàtí kan lọ sí ìlú kan, ó fi 40 bọ̀. Kí ni ìwọ̀n eré rẹ̀ lápapọ̀? Gbogbo ayé á ní 50. Ká ní ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 120. Ó lo wákàtí 2 lọ, ó lo 3 bọ̀. Kìlómítà 240 nínú wákàtí 5 jẹ́ 48. Eré jẹ́jẹ́ ló gba àkókò rẹ̀ jù, òun ló sì fa ìwọ̀n náà wálẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìkòkò aró. Olùkọ́ náà mú un láti Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ìkòkò méjì, ìrísí kan náà, ọ̀kan fi ìlọ́po méjì ga ju èkejì lọ. Kékeré gba péèlì omi 5. Mélòó ni ńlá yóò gbà? Mẹ́wàá, ni gbogbo wọn ké. Ó mú àpótí ìṣáná jáde, ó ní kí wọ́n fi irú rẹ̀ kọ́ àpótí tó fi ìlọ́po méjì ga, tó fi ìlọ́po méjì gùn, tó sì fi ìlọ́po méjì nípọn. Méjì kò kún un, mẹ́rin kò kún un. Mẹ́jọ ló kún un. Péèlì 40 ni ìkòkò ńlá gbà. Ìyá aláró kò ní bi ọmọ rẹ̀ ní réṣíò kankan. Á kàn ní kó tún lọ pọn sí i.

Nígbà tí wọ́n túká lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ yẹn, ọmọbìnrin ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kò tẹ̀lé àwọn tó kù gba ọ̀nà Pánsẹ́kẹ́. Ó gba ojú ihò ara fẹ́ǹsì kọjá sọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Réṣíò wo lẹ fi ń po kóńkéré yìí?"

"Wáànù-tú-fọ́ọ̀," ni bíríkìlà dáhùn, láìgbé ojú sókè. Sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin.

"Kan kí ni, sà? Àpò kan ni, àbí páànù kan?"

Ọkùnrin náà fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀, ó sì wò ó. "Àpò kan gba páànù méjì," ló wí. "Nítorí náà, yanrìn páànù mẹ́rin, òkúta páànù mẹ́jọ." Ó yíjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń bu yanrìn. "Ìwọ, mélòó lo ti dà sí i?"

"Méjì ni, ọ̀gá."